Workrave, Stretchly, EyeLeo àbí aago fóònù: èwo ló yẹ kó máa rán wa létí ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Okun o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun.

Ní àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó kọjá, iná dé ní Kàbbà lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn nílùú wa mọ̀ pé bí iná bá dé báyìí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò lọ. Mo fa àga, mo jókòó tì í. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, àkùkọ ti kọ. Mo ti tẹ ojú ìwé tó lé ní 60, ṣùgbọ́n ọrùn mi kò yí sọ́tùn-ún mọ́, ojú sì ń ta mí bíi ti ẹni tó fi ọwọ́ ata nu ojú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Owó òru kan ṣoṣo, ọjọ́ méjì ló gbé e lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá áàpù tó máa sọ fún mi pé ó tó, dìde. Mo ti gbé oríṣiríṣi sórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ẹwà ojú áàpù kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a wà láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja, iye bọ́tìnì tó ní náà kọ́. Iná wa ń wá, ó ń lọ. Oníbàárà ń wọlé, ó ń jáde. Áàpù tí kò bá mọ̀ pé ẹ ti sinmi fúnra yín, ẹ ò ní bá a lò pẹ́.

Ohun tí ojú àti ọrùn ń bèèrè

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Omi tó yẹ kó máa rin ojú á gbẹ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Iṣan kékeré kan tún wà nínú ẹyinjú tó máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ nígbà tí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ wa. Ìgbà tí a bá wo ọ̀nà jíjìn nìkan ló máa ń dẹ ara. Ẹni tó wo ojú ìwé fún wákàtí márùn-ún láìgbójú sókè, bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún ni.

Ìdí nìyí tí Jeffrey Anshel, onímọ̀ nípa ìtọ́jú ojú ní Amẹ́ríkà, fi gbé ìlànà 20-20-20 kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990: bí ìṣẹ́jú 20 bá ti pé, kí èèyàn wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹsẹ̀ bàtà 20 tó bíi mítà 6. Ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ̀ tó mítà 6 láti ògiri dé ògiri, nítorí náà mo yí tábìlì padà kí ojú mi lè kọ sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá gbójú sókè báyìí, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni mò ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìjùmú tàbí Ìyàgbà, òkè ò wọ́n yín. Ẹ yí tábìlì yín padà kẹ́ ẹ tó wá áàpù kankan.

Ti ọrùn, èjìká àti ọrùn ọwọ́ yàtọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ dìde, kí ẹ nà, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Áàpù tó dáa ló máa ń ní ìsinmi oríṣi méjì yìí, èyí kékeré tó ń wá lemọ́lemọ́ àti èyí gígùn tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé aago ló ń kà ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ yín?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí òun ló ya àwọn áàpù yìí sọ́tọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú aago fóònù. Ẹ fi í sí ìṣẹ́jú 30, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ìyá kan wọlé, ó fẹ́ tẹ ìwé NIN ọmọ rẹ̀ jáde, kí ẹ sì bá a fi ọ̀rá bò ó. Ẹ dìde, ẹ tan ẹ̀rọ ìfọ̀rábò, ẹ dúró kó gbóná, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ wá ṣéńjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìṣẹ́jú 14 ti lọ. Ẹ padà, ẹ jókòó, ẹ ò tíì tẹ ìlà kan, aago dún: ẹ lọ sinmi. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa pa á ni. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìka yín á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á kí ojú tó kà á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá jókòó wákàtí mẹ́ta gbáko láìdìde, ìka yẹn náà á pa á.

Fóònù tún ní ewu tirẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń lò ó. Bí aago bá dún, á gbé fóònù láti pa á, á rí i pé WhatsApp ti wọlé, á ṣí i. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún á parí, kò ní wo ohunkóhun tó jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ojú tó kúrò lára kọ̀ǹpútà tó lọ bá fóònù kò tíì sinmi.

Focus sessions tó wà nínú aago Windows 11 náà ń ka aago ni. Ẹ máa sọ iye àkókò tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, òun á fi ìsinmi sí àárín rẹ̀, á sì dún nígbà tó bá tó. Kò gba dátà, kò sí ohun tí ẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ, ó ti wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí tó ń kàwé, torí ọ̀nà tí Francesco Cirillo, ará Ítálì, gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980 ló sún mọ́: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi ìṣẹ́jú 5. Aago ilé ìdáná tó dà bí tòmátò ni Cirillo fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ń wọ̀, kò yẹ.

Workrave yàtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ló ń ṣọ́. Bí ọwọ́ yín bá wà lórí wọn, ó ń kà. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ó dúró. Bí ẹ bá sì ti kúrò fún àkókò tó tó ìsinmi náà, ó gbà pé ẹ ti sinmi, á bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 tí ẹ fi dá ìyá yẹn lóhùn, ó ti kà á sí ìsinmi gígùn fún yín, torí ìṣẹ́jú 10 ni ìsinmi gígùn rẹ̀ bó ṣe wà láti ilé, ìyẹn kí ẹ tó yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Ẹ jókòó padà, kò ní yọ yín lẹ́nu. Nígbà tó bá wá yọjú, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Stretchly náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 5, á dáwọ́ kíkà dúró títí ẹ ó fi padà, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ibì kan wà tí irú áàpù méjèèjì yìí ti lè ṣì wá mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka pírójẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíì tẹ̀ láti wá àṣìṣe rẹ̀, ojú yín wà lórí ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ yín dúró jẹ́ẹ́. Áàpù á rò pé ẹ ti lọ. Workrave ní ipò ìkàwé tí wọ́n pè ní Reading fún èyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú àkójọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kíkà, á máa kà bí ọwọ́ kò tiẹ̀ mira. Lórí Stretchly, ẹ máa lọ sínú ètò rẹ̀ láti pa ṣíṣọ́ ọwọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì rántí tàn án padà.

Bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń gbé ìtàn ìlú rẹ̀ tó fi ọwọ́ kọ wá sọ́dọ̀ mi. Ìwé rẹ̀ ṣòro láti kà, nítorí náà òun ló máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó wà láàárín oríkì baba ńlá rẹ̀ nígbà tí Stretchly bo ojú kọ̀ǹpútà.

Bàbá dákẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé iná lọ ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Kọ̀ǹpútà ló ní kí n sinmi díẹ̀."

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú èmi náà ti ń ṣókùnkùn." Àwa méjèèjì wo ìta. Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣí padà, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti òkè, ó sì rántí ìlà kan tó ti fò tẹ́lẹ̀.

Bàbá nìyẹn, ẹni tó ní sùúrù. Oníbàárà tó fẹ́ sáré lọ bá mọ́tò kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo bí áàpù ṣe ń wọlé.

Stretchly, bó ṣe wà láti ilé, máa ń fún yín ní ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá 20 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti ìsinmi ìṣẹ́jú 5 ní ìṣẹ́jú 30-30. Á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín kó tó dé, lẹ́yìn náà á ṣí fèrèsé ńlá kan bo iṣẹ́ yín, á kọ ohun tí ẹ lè ṣe síbẹ̀, bíi kẹ́ ẹ na apá tàbí kẹ́ ẹ wo ìta. Ẹ lè sún un síwájú. Bí èrò bá pọ̀, ẹ tẹ àmì rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ní kó dákẹ́ fún wákàtí kan, méjì, tàbí títí di òwúrọ̀. Ipò líle wà nínú rẹ̀ tó ń yọ bọ́tìnì tí ẹ lè fi fo ìsinmi kúrò pátápátá. Mi ò gba oníṣọ́ọ̀bù níyànjú láti tan ìyẹn.

Workrave rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé kékeré kan á kọ́kọ́ yọ tó ń bi yín pé ṣé kí ẹ sinmi. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò nígbà yẹn, ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láìsí ariwo. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lọ, á dúró díẹ̀ kó tó gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí ó fún mi láyè láti parí gbólóhùn tí mo wà nínú rẹ̀. Nígbà ìsinmi gígùn, àwòrán èèyàn kékeré kan á máa fi hàn yín bí ẹ ṣe máa yí ọrùn, bí ẹ ṣe máa na ọwọ́, bí ẹ ṣe máa yí ojú. Àwọn tí iṣẹ́ títẹ̀ ti ń dá ọwọ́ àti èjìká wọn lóró ni wọ́n tìtorí wọn ṣe Workrave, ó sì hàn nínú rẹ̀.

Ohun tó máa ń bí èèyàn nínú lára Workrave ni iye tí wọ́n fi sí i láti ilé. Ìsinmi kékeré ní ìṣẹ́jú 3-3, ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́ẹ̀kan. Ìsinmi gígùn ní ìṣẹ́jú 45-45. Wákàtí 4 lóòjọ́, ó ní iṣẹ́ parí. Ta ló lè fi wákàtí mẹ́rin gbọ́ bùkátà lẹ́nu iṣẹ́ títẹ̀? Ẹni tó bá lò ó bẹ́ẹ̀ á yọ ọ́ kúrò kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ yí i padà ni.

EyeLeo, orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ̀tẹ́kùn kékeré kan ló máa ń yọjú tó ń ní kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì, kí ẹ di ojú. Ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó ní ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé lè fi sí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tún un ṣe gbẹ̀yìn, ojú ló sì gbájú mọ́. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn kò rí oògùn tirẹ̀ níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà wa kò lágbára bákan náà

Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mi, RAM 2 GB ló ní, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbé Stretchly sí i, tí mo tún ṣí Word àti Chrome, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tó ru igi gun òkè. Electron ni wọ́n fi kọ́ Stretchly, ìyẹn ni pé ó gbé odidi ẹ̀rọ Chromium tó ń ṣí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì sínú ara rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ní 8 GB, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà. Lórí ti 2 GB, ẹ máa mọ̀. Workrave fúyẹ́, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ yẹn kan náà. Dátà tí ẹ máa fi gbà á náà kéré sí ti Stretchly.

Ọ̀fẹ́ ni áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá ti gbé wọn sórí ẹ̀rọ tán, wọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà wọ́n láti inú fláàṣì ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lójú òpó tirẹ̀, kí ló dé tí èèyàn á fi lọ kó fáírọ́ọ̀sì nítorí rẹ̀?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Linux, ètò tó ń gba ipò Windows, sórí láptọ̀ọ̀pù àtijọ́, Safe Eyes wà fún yín, òun náà lè mọ̀ bí ẹ bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Workrave àti Stretchly náà ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Bó bá jẹ́ GNOME 48, ọ̀kan nínú àwọn ojú iṣẹ́ tó wà lórí Linux, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e lẹ ní, ìránnilétí fún ojú àti fún dídìde ti wà nínú ètò rẹ̀, ẹ kàn máa tàn án ni. Àwọn tó ń lo Mac kò pọ̀ láàárín wa. Time Out ni kí wọ́n wò, tàbí Stretchly.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, tí èrò ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ọwọ́ sì ń dùn: Workrave, láìsí àníàní. Ohun kan tún wà lára rẹ̀ tí mi ò rí lára àwọn yòókù. Ó máa ń kọ iye ìgbà tó ní kí ẹ sinmi lóòjọ́ sílẹ̀, iye tí ẹ gbà, iye tí ẹ fò, àti iye tí ẹ sinmi fúnra yín. Ọjọ́ kìíní tí mo ṣí ojú ewé yẹn, mo rí i pé èyí tí mo fò pọ̀ ju èyí tí mo gbà lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ṣùgbọ́n mo ti wò ó lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

Ẹni tó ń fi àwòrán ṣiṣẹ́, bí ọmọ tó ń ṣe pósítà ìsìnkú àti ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi, Stretchly dáa fún un. Máòsì ló ń fà látàárọ̀, kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni bó bá ti fi nǹkan sétí, ó fẹ́ ohun tó máa bo ojú iṣẹ́ náà kó tó lè gbójú sókè. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà sì lágbára tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún iléeṣẹ́ Èkó tàbí ti òkè òkun, Stretchly bá yín mu náà, ṣùgbọ́n ẹ pa á lẹ́nu mọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní Windows 11, aago inú rẹ̀ tó fún un. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ṣe é, àyàfi tí ẹ bá lè gbé fóònù náà sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dìde kẹ́ ẹ tó lè pa á.

Bí ẹ bá sì ti ń sinmi déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ṣì ń dùn, tí lẹ́tà ń di méjì, tàbí tí ẹ ń na ìwé jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i kà, ẹ lọ rí dókítà ojú. Ẹni tó bá ti ń lọ sí ogójì ọdún lè nílò awò ìkàwé, kò sí áàpù tó lè ṣe ìyẹn fún un.

Bí mo ṣe ṣètò Workrave tèmi

Mo gbà á ní workrave.org. Mo yí ìsinmi kékeré sí ìṣẹ́jú 10, kó gba ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ìsinmi gígùn, mo fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45, ṣùgbọ́n mo dín gígùn rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 7. Òpin ọjọ́, mo gbé e sí wákàtí 8. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá kó dí ẹ̀rọ pa nígbà ìsinmi, mo ní kó má dí i lórí ẹ̀rọ tó wà níwájú oníbàárà, mo sì ní kó dí i lórí èyí tó wà nínú, tí mo fi ń tẹ iṣẹ́ gígùn lóru. Lóru gan-an ni mo nílò rẹ̀ jù. Bí iná bá dé báyìí, mo máa ń sún ìsinmi gígùn síwájú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo dìde, mo bu omi mu, mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró lójúde títí ìṣẹ́jú méje fi pé. Iná ti lọ mọ́ mi lójú báyìí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé tó kù, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọrùn tó ń yí.